Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́: bí kò bá tàn, tàbí tó tàn tí ojú mọ́nítọ̀ dúdú

Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì tíì gbà pé bọ́ọ̀dù (pákó ńlá inú rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́) ti jó. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tàn ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lagere tàbí Mayfair nílùú Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó sábà máa ń fà á kò tó bẹ́ẹ̀: wáyà tó yọ díẹ̀, ráàmù (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́) tí eruku ti wọ̀ lábẹ́, bátìrì kékeré tó ti kú, tàbí páwà páàkì (àpótí irin inú rẹ̀ tó ń gba iná láti ara ògiri) tí iná tó ń ṣe ségesège ti bà jẹ́. Ẹni tó bá ní sùúrù àti screwdriver kan lè yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò fúnra rẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí, kó tó náwó.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí a ní lọ́kàn ni àwọn tokunbo tó ti lé ní ọdún 10, irú bíi Dell OptiPlex 755 àti 780, HP Compaq dc5800 àti dc7800, àti àwọn tí wọ́n fọwọ́ tò jọ láti ara oríṣiríṣi ẹ̀yà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ mọ ibi tó dúró sí. Ṣé kò sí iná lára rẹ̀ rárá, tí fáànù kò yí? Ṣé fáànù ń yí, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ dúdú? Ṣé àwòrán jáde, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà tàbí ìlà bò ó? Àbí ó kọ orúkọ Dell tàbí HP jáde, ó wá dúró kí Windows tó wọlé? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ á máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún tàn án wò. Bí ẹ bá pààrọ̀ ráàmù, tí ẹ nu bọ́ọ̀dù, tí ẹ tún yọ wáyà CD pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá tàn, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe nínú wọn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibẹ̀rẹ̀ lẹ tún máa wà.

Ohun tí ẹ máa nílò kò pọ̀: screwdriver olórí star, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré tó gbẹ tí kò sì tíì kan ọ̀dà rí, rọ́bà ìparẹ́ funfun, tọ́ọ̀ṣì, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, bátìrì CR2032 tuntun kan, àti okùn mọ́nítọ̀ mìíràn tó dá yín lójú pé ó dára. Bí ẹ bá lè yá mọ́nítọ̀ kan lọ́wọ́ aládùúgbò fún wákàtí kan, ó máa gbà yín lọ́wọ́ ìdààmú púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ńkọ́? Ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ má ṣí páwà páàkì fúnra rẹ̀ láé. Kapásítọ̀ ńlá tó wà nínú rẹ̀ máa ń gba iná tó tó fóòtì (volt) 320 sára, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Mọ́nítọ̀ onídìí-ńlá àtijọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: iná inú rẹ̀ máa ń kọjá fóòtì 20,000. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú ẹ̀yìn rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, iná kékeré máa ń gbára jọ sí ara èèyàn láti ara aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì, ó sì lè pa ráàmù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà níbi tí kò sí ọ̀dà, kí ẹ tó mú ẹ̀yà inú rẹ̀ dání, kí ẹ sì máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè.

Bí kò bá sí iná lára rẹ̀ rárá

Láti ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣájà fóònù tàbí iná tábìlì dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, kí ẹ sì dán ẹ̀sítẹ́ńṣàn wò lọ́tọ̀. Ẹ ti okùn iná tó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wọlé dáadáa, torí pé ó máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ń fa àpótí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀. Ẹ wo bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́yìn páwà páàkì, èyí tí wọ́n kọ 0 àti I sí lára. I ló gbọ́dọ̀ wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn iná. Fóòtì 230 ló yẹ kó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Páwà páàkì tó wà fún 230 nìkan ni wọ́n ṣe láti máa ṣiṣẹ́ láti nǹkan bíi 180 lọ sókè. Ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná pọ̀, bí mítà yín bá ń sọ 150 tàbí 160, kọ̀ǹpútà tí kò tàn kò ní àrùn kankan, iná ni kò tó o. Stabilizer tó dára ló máa yanjú èyí. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré yàtọ̀: iná rẹ̀ máa ń fò sókè fò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án àti nígbà tí epo bá fẹ́ tán nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ má sì dúró di ìgbà tí epo máa gbẹ kí ẹ tó pa á.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn páwà páàkì bóyá bọ́tìnì pupa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. 230 ni tiwa. Bó bá wà ní 115, tí ẹ sì tì í bọ iná wa, ó máa dún gbàmù, èéfín á sì jáde, torí pé iná tó wọlé ti di ìlọ́po méjì èyí tó yẹ. Fíúsì àti kapásítọ̀ inú rẹ̀ ló máa ń lọ. Ohun rere ni pé páwà páàkì yẹn nìkan ló sábà máa ń kú, bọ́ọ̀dù àti hard disk (ibi tí fáìlì yín wà) sì máa ń yè. Àwọn mìíràn kò ní bọ́tìnì yìí torí pé wọ́n mọ irú iná méjèèjì fúnra wọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: bó bá jẹ́ 100–240V, kò sí wàhálà.

Bí iná bá já lójijì tó sì tún padà dé pẹ̀lú agbára, páwà páàkì lè ti ara rẹ̀ pa láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó tún tì í. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n pè ní òkú ló ń jí níbí.

Ní báyìí, ẹ ṣí àpótí. Bí iná gíríìnì kékeré kan bá ń tàn lórí bọ́ọ̀dù nígbà tí okùn iná wà lára ògiri, ó túmọ̀ sí pé fóòtì 5 tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo ń dé. Nígbà náà, bọ́tìnì iwájú àpótí lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọwọ́ tò jọ, wáyà bọ́tìnì yìí wọ orí pín-ìnnì (irin tẹ́ẹ́rẹ́) méjì tí wọ́n kọ PWR_SW sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi ẹnu screwdriver kan pín-ìnnì méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bó bá tàn, bọ́tìnì ló bàjẹ́. Ti Dell àti HP máa ń wà nínú wáyà kan tí wọ́n pa pọ̀, ẹ má fi screwdriver ṣeré níbẹ̀ bí ẹ ò bá mọ pín-ìnnì tó jẹ́ tirẹ̀.

Láti dán páwà páàkì fúnra rẹ̀ wò, ẹ yọ gbogbo ẹnu rẹ̀ lára bọ́ọ̀dù. Ẹ fi CD drive tàbí hard disk àtijọ́ kan sílẹ̀ lára rẹ̀ kó lè ní ẹrù díẹ̀ tó máa gbé. Nínú ẹnu ńlá oníhò 24 (20 ni ti àwọn tó pẹ́ jù), wáyà gíríìnì kan ṣoṣo ló wà. Ẹ tẹ wáyà kékeré kan, kí ẹ fi so ihò gíríìnì yìí pọ̀ mọ́ ihò dúdú èyíkéyìí, kí ẹ tó ti okùn iná bọ ògiri. Fáànù rẹ̀ yẹ kó yí. Bí kò bá yí, ó ti kú. Bó bá sì yí, iṣẹ́ kò tíì parí, torí pé fáànù lè máa yí nígbà tí iná tó ń jáde kò péye. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan wáyà dúdú, kí ẹ wọn àwọn tó kù: yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 àti 12.6, pupa láàárín 4.75 àti 5.25, aláwọ̀ ọsàn láàárín 3.14 àti 3.47. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5 kódà kí ẹ tó so gíríìnì pọ̀ mọ́ dúdú. Bí ọ̀kan bá jáde kúrò láàárín ìwọ̀n wọ̀nyí, ẹ pààrọ̀ páwà páàkì, ẹ má tún fi gbé bọ́ọ̀dù mọ́.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn Dell kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1996 sí 2000 ní ẹnu tó jọ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tí wọ́n to wáyà inú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Bí ẹ bá fi páwà páàkì lásán rọ́pò tiwọn, ó lè jó bọ́ọ̀dù. Bákan náà, àwọn alápòótí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu wọn kò jẹ́ oníhò 24 ní páwà páàkì tiwọn lọ́tọ̀, èyí tó bá wọn mu nìkan ni kí ẹ wá.

Bí páwà páàkì bá ń yí lóun nìkan, àmọ́ tó ń kú tí ẹ bá ti so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, nǹkan kan ló ń so iná pọ̀ níbi tí kò yẹ. Ẹ yọ CD, hard disk, gbogbo káàdì tí wọ́n fi kún un, àti wáyà USB iwájú. Ẹ tàn án. Bó bá tàn, ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tún kú. USB iwájú ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò dáadáa: inú ẹnu rẹ̀, pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó gbé irin mẹ́rin. Ibi tí wọ́n bá ti ń ti fúláàṣì bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, pàápàá tí wọ́n ń yí i sódì, pẹlẹbẹ yìí máa ń kán, irin inú rẹ̀ á tẹ̀, á sì kan ara àpótí. Àtìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ò ní tàn mọ́, tàbí kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó sì pa. Ẹ tún wo abẹ́ bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn páwà páàkì bóyá ọmọ́ńlé tàbí aáyán ti kú síbẹ̀. Ihò ẹ̀yìn àpótí tí wọn kò fi irin dí ni wọ́n ń gbà wọlé, nítorí ó móoru níbẹ̀. Ẹ dí ihò náà.

Bí fáànù bá ń yí, tí ojú mọ́nítọ̀ sì dúdú

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó lásán, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ẹ ti tàn án, kí ẹ wá tẹ Num Lock lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀dù yè, ráàmù yè, ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ tàbí okùn tàbí káàdì àwòrán ló kù. Bí kò bá dáhùn, inú àpótí ni ìṣòro wà, ẹ fò kọjá sí ìpínrọ̀ tó sọ nípa ìró.

Ẹ yọ okùn mọ́nítọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀ ní títàn. Bó bá kọ "No signal" tàbí "Check cable", òun fúnra rẹ̀ dára. Bí kò bá kọ nǹkan kan, tí iná bọ́tìnì rẹ̀ kò sì tàn, ẹ yẹ iná rẹ̀ wò bí ẹ ti ṣe fún kọ̀ǹpútà. Bí iná bọ́tìnì bá tàn tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ ṣú yàrá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tàbí àwòrán tó fara hàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, iná ẹ̀yìn gíláàsì ló kú, kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mọ́nítọ̀ tó máa ń tàn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, tó sì ń ṣókùnkùn, àmì kan náà ni: gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tàbí bọ́ọ̀dù tó ń fún un níná ti ń lọ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ àtijọ́, kapásítọ̀ tó wú lórí bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ ló ń fà á, ẹni tó mọ léèdì jó dáadáa lè pààrọ̀ wọn. Fóòtì tí wọ́n kọ sára èyí tí ẹ máa fi rọ́pò kò gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, µF rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbà sára) sì gbọdọ̀ bá a dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ ti okùn bọ̀. Bí wọ́n bá ti fi káàdì àwòrán kún kọ̀ǹpútà, ihò búlúù méjì ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ USB, èkejì nísàlẹ̀ lára káàdì. Bọ́ọ̀dù púpọ̀ máa ń pa ihò tirẹ̀ bí káàdì bá ti wà níbẹ̀. Ẹ ti okùn bọ ara káàdì. Bí kò bá sí àwòrán síbẹ̀, ẹ yọ káàdì náà pátápátá, ẹ ti okùn bọ ara bọ́ọ̀dù, kí ẹ tún tàn án.

Ìró wá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tó bá níṣòro kí àwòrán tó jáde máa ń dún láti sọ ohun tó ń ṣe é. Lára HP dc5800 àti dc7800, bọ́tìnì iwájú máa ń ṣẹ́ iná pupa pẹ̀lú ìró: ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé ọpọlọ rẹ̀ (processor) ti gbóná jù, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí páwà páàkì, ẹ̀ẹ̀márùn-ún sí ráàmù, ẹ̀ẹ̀mẹfà sí káàdì àwòrán, ẹ̀ẹ̀méje sí bọ́ọ̀dù. Ìró náà máa ń dákẹ́ lẹ́yìn tó bá ti dún yípo ìgbà 5, ṣùgbọ́n iná pupa á máa bá a lọ, torí náà iná ni kí ẹ kà. Lára Dell OptiPlex, bí bọ́tìnì iwájú bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, ẹ yẹ páwà páàkì wò kí ẹ tó fura sí bọ́ọ̀dù. Iná kéékèèké tí wọ́n kọ 1, 2, 3, 4 sí á sọ èyí tó kù, bí wọ́n bá ṣe tàn pọ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ wá a nínú ìwé tó jẹ́ ti irú kọ̀ǹpútà náà gan-an. Lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ tò jọ, bí BIOS rẹ̀ (ètò kékeré inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé) bá jẹ́ Award, ìró gígùn kan àti kúkúrú méjì jẹ́ ti káàdì àwòrán, ìró gígùn tí kò dákẹ́ jẹ́ ti ráàmù. Bó bá jẹ́ AMI, kúkúrú mẹ́jọ jẹ́ ti àwòrán. Bí kò bá dún rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí sípíkà kékeré lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ọ̀kan sí i, kò wọ́n.

Bó bá dún tàbí kò dún, ráàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nínú àpótí. Ẹ yọ okùn iná. Ẹ tẹ ahọ́n méjèèjì tó di ráàmù mú sísàlẹ̀, yóò fò sókè fúnra rẹ̀. Ẹ di í mú létí, ẹ má fọwọ́ kan irin aláwọ̀ wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo irin náà sí ìmọ́lẹ̀: níbi tó ti dára, ó máa ń dán. Níbi tí òógùn ọwọ́ àti eruku ọyẹ́ bá ti jọ bò ó, ẹ máa rí i tó ṣú, tó fẹ́ jọ ìpẹtà. Ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ nù ún láti òkè sí ìsàlẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kí ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbá rọ́bà tó já kúrò lára rẹ̀. Ẹ gbá inú ihò tí ó wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ dá ọ̀kan ṣoṣo padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ahọ́n méjèèjì yóò fi dún kọ́ bí wọ́n ti ń di í mú. Ẹ tàn án. Bí kò bá tàn, ẹ gbé e sí ihò mìíràn, ẹ tún dán ìkejì wò lóun nìkan. Ráàmù kan tó bàjẹ́ nínú méjì tó láti dá gbogbo kọ̀ǹpútà dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ. Oríṣi ráàmù méjì ni DDR2 àti DDR3: irin 240 ni àwọn méjèèjì ní, wọ́n sì gùn bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé nísàlẹ̀ wọn yàtọ̀, iná wọn náà yàtọ̀: fóòtì 1.8 fún DDR2, 1.5 fún DDR3. OptiPlex 755 àti HP dc7800 ń lo DDR2, OptiPlex 780 ń lo DDR3. Ẹ má fi agbára tì í.

Bí kì í bá ṣe ráàmù, ẹ pa ohun tí BIOS ti kọ sọ́kàn rẹ́. Lórí bọ́ọ̀dù HP yìí, bọ́tìnì kékeré aláwọ̀ yẹ́lò kan wà: ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Kò ní ṣiṣẹ́ bí okùn iná bá wà lára ògiri. Lórí àwọn mìíràn, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ dá a padà. Ẹ fi mítà wọn bátìrì náà nígbà tó bá wà lọ́wọ́ yín. Tuntun jẹ́ fóòtì 3. Bí ti yín bá ti wá sílẹ̀ sí 2.7, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo wáyà kékeré oníhò mẹ́rin tó wọ ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yẹ́lò méjì àti dúdú méjì. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nu kọ̀ǹpútà, fáànù á yí, kò sì ní sí nǹkan mìíràn. Ó kéré, ó sì fara pamọ́ lábẹ́ páwà páàkì.

Ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì tan àyíká ọpọlọ kọ̀ǹpútà kí ẹ wo orí àwọn kapásítọ̀ tó dúró bí agolo kéékèèké níbẹ̀. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Èyí tó bá wú, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ti gbẹ sí orí tàbí ìdí rẹ̀, ti kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sókè, kapásítọ̀ tí kò dára wọ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lágbàáyé, Dell OptiPlex GX270 sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù fún un. Kọ̀ǹpútà irú èyí máa ń tàn lọ́sàn-án tí ara rẹ̀ bá ti móoru, kó sì kọ̀ láàárọ̀ tí òtútù bá mú. Pípààrọ̀ wọn ṣeé ṣe fún ẹni tó ní irin ìjóléèdì tó lágbára. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́fà lọ, bọ́ọ̀dù tokunbo mìíràn sàn.

Kọ̀ǹpútà tó ń tàn tó sì ń pa ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ooru. Ẹ gbá eruku tó dí àárín irin tó wà lórí ọpọlọ rẹ̀, ẹ di fáànù mú kó má yí bí ẹ ti ń gbá a. Bí òróró (thermal paste) tó wà lábẹ́ irin náà bá ti gbẹ bí ìyẹ̀fun, ẹ fi òwú àti isopropyl alcohol nù ún kúrò, kí ẹ fi tuntun tó tó hóró ìrẹsì kan sí àárín rẹ̀. Púpọ̀ kò ní jẹ́ kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn tí irin wọn ń fi ẹsẹ̀ ike mẹ́rin dúró, ẹ tẹ ẹsẹ̀ tó dojú kọ ara wọn ní igun tẹ̀ léra, kí ẹ sì yí bọ́ọ̀dù wò láti ẹ̀yìn pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ẹsẹ̀ kan tó yọ tó láti mú kó máa pa.

Bí àwòrán bá jáde, tí kò sì dára

Ẹ tẹ bọ́tìnì menu ara mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀. Bí menu náà bá jáde ní mímọ́ nígbà tí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tó ní ìlà, mọ́nítọ̀ dára, ẹ wá ìṣòro lọ sí okùn tàbí kọ̀ǹpútà. Bí ìlà bá la menu náà kọjá, ara mọ́nítọ̀ ló wà.

Bí funfun bá di yẹ́lò, búlúù kò dé. Bó bá di bí omi òkun, pupa kò dé. Bó bá di pínkì tó dúdú, gíríìnì kò dé. Nínú okùn VGA oní pín-ìnnì 15, pín-ìnnì 1 gbé pupa, 2 gbé gíríìnì, 3 gbé búlúù, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu okùn náà: èyí tó bá tẹ̀, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé e dúró jẹ́jẹ́. Pín-ìnnì 9 lè má sí níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kì í ṣe àbùkù. Ẹ dé sikuru méjèèjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, àìdé wọn ló ń jẹ́ kó máa yọ.

Bó bá kọ "Out of range" tàbí "Input not supported" lẹ́yìn tí àmì Windows ti jáde, ẹnì kan ti yan ìwọ̀n àwòrán tí mọ́nítọ̀ kò lè gbé. Ní Windows 7, ẹ máa tẹ F8 léraléra kí àmì rẹ̀ tó jáde, ẹ yan "Enable low-resolution video". Ní Windows 10, F8 kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bó ti wà. Ẹ fi bọ́tìnì pa á nígbà mẹ́ta léra nígbà tó bá ń wọlé, yóò gbé ojú ìwé àtúnṣe jáde, ibẹ̀ ni Safe Mode wà, èyí tó ń wọlé pẹ̀lú àwòrán kékeré kí ẹ lè tún ìwọ̀n náà yàn. Bí ìlà tàbí àmì kéékèèké bá ti wà lójú rẹ̀ láti ìgbà tó ti kọ Dell tàbí HP, dírẹ́fà Windows (ètò tó ń darí àwòrán) kò mọ̀ nípa rẹ̀, káàdì àwòrán tàbí ráàmù ni.

Bó bá tàn, tó sì dúró kí Windows tó wọlé

Ẹ yọ gbogbo fúláàṣì, mẹ́mórì káàdì àti modẹ́mù kúrò lára USB kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. "NTLDR is missing" ní Windows XP àti "BOOTMGR is missing" ní Windows 7 máa ń jáde bí kọ̀ǹpútà bá ń wá Windows nínú fúláàṣì.

Bó bá ń béèrè F1 lójoojúmọ́, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ti padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì CR2032 ló kú. Ọjọ́ tí kò tọ̀nà yìí náà ló ń jẹ́ kí ìkànnì JAMB àti ti ilé ìfowópamọ́ máa sọ pé ààbò wọn kò dára. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, ohun kan wà tó ń dẹ́rù ba èèyàn: Windows lè máa gbé ojú búlúù tó kọ 0x0000007B jáde. Hard disk kò kú. BIOS ti padà sí bó ti wà láti ilé-iṣẹ́, ọ̀nà tó ń gbà bá hard disk sọ̀rọ̀ ló yí. Ẹ wọ BIOS (F2 fún Dell, F10 fún HP), ẹ wá SATA Operation tàbí SATA Emulation, kí ẹ yí i láti AHCI sí IDE tàbí láti IDE sí AHCI. Ojú búlúù náà á lọ.

Bó bá sọ pé kò sí hard disk, ẹ pààrọ̀ okùn SATA tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ tì í bọ ihò mìíràn lórí bọ́ọ̀dù. Bó bá wà nínú BIOS ṣùgbọ́n tí Windows kò wọlé, fi DVD Windows 7 sí i, ẹ yan Repair, Command Prompt, kí ẹ tẹ bootrec /fixmbr, lẹ́yìn náà bootrec /fixboot, lẹ́yìn náà bootrec /rebuildbcd.

Àmọ́ bí hard disk bá ń dún tàk-tàk-tàk, ẹ dúró. Ẹ má ṣe chkdsk /r (àṣẹ Windows tó ń yẹ hard disk wò), ẹ má ṣe fi Windows tuntun sí i, ẹ má tún máa tàn án pa á. Iṣẹ́ tí chkdsk ń ṣe á mú kó ka gbogbo ojú rẹ̀, ó sì lè pa á pátápátá kí ẹ tó mú iṣẹ́ kankan jáde. Project akẹ́kọ̀ọ́ tó ti tẹ orí márùn-ún wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, wọ́n ṣe iyebíye ju kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ yọ hard disk náà, ẹ fi okùn tó ń yí SATA padà sí USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó dára, ẹ kó Documents àti Desktop jáde ná, fáìlì tó pọn dandan jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Fún hard disk 3.5, okùn tó ní ṣájà tirẹ̀ ni kí ẹ rà, torí pé iná USB nìkan kò tó gbé e. Bí ẹnu hard disk náà bá fẹ̀ tó sì ní pín-ìnnì méjì-méjì tó tò lọ, IDE ni, okùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti SATA.